Lítíréṣọ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Kánádà nílé ìwé girama: ìbéèrè tí àwọn òbí Yorùbá máa ń bi mí

Tó bá ti di oṣù kejì ọdún, tí àwọn ọmọ ń yan iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe ní kíláàsì tó kàn, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé girama kan ní British Columbia, tí gbogbo wa ń pè ní BC, bẹ́ẹ̀ ọmọ Yorùbá ni mí. Ìyá ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mọ́sáláàṣí, ará ẹgbẹ́ ìlú, gbogbo wọn ló ń pè: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí lèyí tí wọ́n ń pè ní English First Peoples tí wọ́n kọ sórí ìwé ọmọ mi?" Mo ti ṣàlàyé títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo wá kó o jọ síbí, kí ẹni tó bá tún fẹ́ pè mí lè kọ́kọ́ ka èyí ná.

Ṣé Gẹ̀ẹ́sì gidi ni, àbí kíláàsì àwọn tí ìwé ò yé ni wọ́n sọ ọmọ mi sí?

Gẹ̀ẹ́sì gidi ni. Ìbéèrè yìí ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu gbogbo òbí, mi ò sì bá wọn wí. Ẹni tó ta ilé ta ọ̀nà wá síbí torí ẹ̀kọ́ ọmọ kò ní fẹ́ kí wọ́n gbé ayédèrú lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. English First Peoples 12, ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fi iṣẹ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Kánádà kọ́, tí a ń ké kúrú sí EFP 12, wọ ilé ìwé ní BC lọ́dún 2008. Ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà àti àjọ kan tó jẹ́ ti àwọn ọmọ ìbílẹ̀ fúnra wọn, First Nations Education Steering Committee, ni wọ́n jọ gbé e kalẹ̀. Ti Grade 10 àti Grade 11 wá tẹ̀ lé e nígbà tó yá. Òun àti English Studies 12, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì Grade 12 ti gbogbo ènìyàn, dọ́gba: ọmọ tó bá ti ṣe ọ̀kan kò jẹ ìkejì ní gbèsè. Ìdánwò ìwé kíkà àti kíkọ ti Grade 12, èyí tí ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe kó tó jáde, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnu ta ni wọ́n ń kà? Ibẹ̀ nìkan ni ọ̀nà ti yà.

Yunifásítì ńkọ́?

Wọ́n ń gbà á. UBC ń gbà á, Simon Fraser ń gbà á. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Ṣé dandan ni kí ọmọ ṣe é?

EFP gan-an lè má jẹ́ dandan, àmọ́ ohun kan wà tó jẹ́ dandan. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2023/2024, kò sí ọmọ tó lè gba ìwé ẹ̀rí girama ní BC láìní kírẹ́díìtì 4, ó kéré tán, nínú ẹ̀kọ́ tó dá lórí àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Kírẹ́díìtì 80 ni gbogbo rẹ̀, 4 yìí sì wà lára rẹ̀. Ọmọ lè fi BC First Peoples 12 san án, tàbí Contemporary Indigenous Studies 12, tàbí kó kọ́ ọ̀kan nínú èdè ìbílẹ̀ ibi tó ń gbé. Ìmọ̀ràn tèmi fún ọmọ tí ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísìrì ti kún ọwọ́ rẹ̀ ni pé kó mú EFP, torí gbèsè méjì ló ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti ọmọ ìbílẹ̀.

Ní Grade 10, wọ́n máa ń pín in sí méjì, kírẹ́díìtì méjì-méjì. Apá lítíréṣọ̀ wà, ìkejì sì lè jẹ́ iṣẹ́ kíkọ, ọ̀rọ̀ sísọ tàbí iṣẹ́ orí ẹ̀rọ ayélujára. Ní Grade 11 wọ́n so wọ́n pọ̀ sí ọ̀kan. Bí ọmọ yín bá fẹ́ràn kíkọ, ẹ sọ fún un kó wo èyí tí wọ́n kọ Writing sí lára.

Ta gan-an ni wọ́n ń pè ní ọmọ ìbílẹ̀ níbí?

Ìsọ̀rí mẹ́ta ni òfin ilẹ̀ Kánádà ti ọdún 1982 dárúkọ. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ báyìí ni First Nations, Inuit àti Métis. Àwọn Inuit ló wà lókè pátápátá níbi tí yìnyín wà. Àwọn Métis jẹ́ ìran tó hù láti inú ìgbéyàwó àwọn ọmọ ìbílẹ̀ àti àwọn oníṣòwò awọ ẹranko tó wá láti Yúróòpù, tí wọ́n sì di ènìyàn kan lọ́tọ̀. Àwọn First Nations pọ̀ bí ìlú Yorùbá ṣe pọ̀: ní BC nìkan, wọ́n lé ní 200, èdè wọn sì lé ní 30. Èdè ọ̀kan kì í yé èkejì nígbà mìíràn, kódà kí wọ́n jẹ́ aládùúgbò. Nítorí náà, ọmọ tó bá kọ "àwọn ọmọ ìbílẹ̀ gbà gbọ́ pé" sínú àròkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mo máa fa ìlà sí i nídìí. Ìran wo? Ìlú wo?

Ẹ má pè wọ́n ní Indian, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ọdún 1876 tó ń darí ọ̀pọ̀ nǹkan nípa wọn ṣì ń jẹ́ Indian Act. Èmi náà ìbá pè wọ́n ní ọmọ onílẹ̀, torí ohun tí wọ́n jẹ́ gan-an nìyẹn, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti fi búlọ́ọ̀kù lélẹ̀ l'Ékòó rí á mọ ìdí tí mo fi sá fún ọ̀rọ̀ náà.

Kí ni wọ́n ń kà gan-an?

Kò sí ìwé kan tí ìjọba kàn nípá. Olùkọ́ ló ń yàn, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ yan iṣẹ́ tí ọmọ ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ tàbí tó lọ́wọ́ sí dáadáa. Ìwé tí òyìnbó kan jókòó sílé tó fi ròyìn wọn kì í wọlé síbẹ̀, àyàfi tí olùkọ́ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ tú àṣìṣe inú rẹ̀ síta.

Ìtàn àròsọ Richard Wagamese, ọmọ Ojibwe, tó ń jẹ́ Indian Horse, tó jáde ní 2012, kò jìnnà sí ọwọ́ àwọn olùkọ́ rárá. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan ni, tí wọ́n mú lọ sílé ìwé ọlọ́jọ́ gbọọrọ (residential school, ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ ìbílẹ̀ lọ kúrò lọ́dọ̀ òbí wọn), tó sì rí ibi forí pamọ́ sí nínú bọ́ọ̀lù orí yìnyín tí wọ́n ń pè ní hóókì. Bí ọmọ yín bá jẹ́ eléré ìdárayá, ó máa kà á tán kí wọ́n tó ní kó kà á. Eden Robinson, tí ìran Haisla àti Heiltsuk bí, kọ Monkey Beach ní 2000 nípa etí òkun tó ti dàgbà. Tomson Highway, ọmọ Cree, kọ eré tí àwọn obìnrin méje ti ń lọ sí Toronto láti lọ ta tẹ́tẹ́ bíńgò tó tóbi jù láyé. 1986 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, títí di òní àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi máa jáde lójú wọn, kí wọ́n tó rí i pé ẹkún ló wà nídìí ẹ̀rín náà.

Bẹ́ẹ̀, ìwé nìkan kọ́. Ọ̀rọ̀ tí olóyè sọ ní gbangba, orin, fíìmù, òpó igi gbígbẹ́ tó dúró síwájú ilé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Òpó yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó ń sọ ìdílé tó ni ilé, ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá àti ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní. Ẹni tó mọ ìtàn ìdílé náà ló lè kà á dáadáa.

Ẹyẹ ìwò náà wà níbẹ̀, Raven, àwọn ọmọ wa sì máa ń sáré sọ pé Ìjàpá nìyẹn. Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni àwọn méjèèjì lóòótọ́, ọ̀kánjúwà sì ń dà wọ́n láàmú. Àmọ́ nínú ìtàn àwọn ará etíkun, ìwò ló jí ìmọ́lẹ̀ gbé níbi tí wọ́n fi pamọ́ sí, tó sì tú u sílẹ̀ sójú ọ̀run fún gbogbo ayé. Ìjàpá ò ṣe irú rẹ̀ rí. Ibi tí àfiwé ti dópin ni mo máa ń ní kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ àròkọ rẹ̀.

Ìtàn ẹnu lásán ńkọ́? Ṣé a lè pe ìyẹn ní lítíréṣọ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé arókin wà láàfin Ọ̀yọ́ ló ń bi mí báyìí? Ó dáa, ẹ jẹ́ n sọ ti ẹjọ́ kan fún yín.

Àwọn Gitxsan àti àwọn Wet'suwet'en jẹ́ ìran méjì tí ilẹ̀ wọn wà lápá àríwá BC. Wọ́n pe ìjọba lẹ́jọ́ pé àwọn ló ni ilẹ̀ náà. Wọn ò ní ìwé ilẹ̀, wọn ò ní sọ́féè. Ohun tí àwọn Gitxsan ní ni adaawk, ìtàn tí ilé kọ̀ọ̀kan fi ń tọ́jú ibi tó ti wá, odò tó ni àti òkè tó jẹ́ ààlà rẹ̀. Ti àwọn Wet'suwet'en ń jẹ́ kungax, orin ló sì pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn àgbà wá sí kóòtù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rò ó lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tí ìyá àgbà kan fẹ́ kọ orin tó wà nínú adaawk ilé rẹ̀, adájọ́ ní kò wúlò kó kọ ọ́ fún òun, etí páànù ni etí òun, orin kì í wọ̀ ọ́. Ọjọ́ 374 ni wọ́n fi jókòó lórí ẹjọ́ yẹn. Ní 1991, adájọ́ dá wọn lẹ́bi, kò ka ìtàn wọn sí ẹ̀rí tó tó gbé ẹjọ́ ró.

Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1997, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Kánádà sọ pé adájọ́ ti ṣìnà: ìtàn ẹnu gbọ́dọ̀ ní àyè tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí a fi yíǹkì kọ, kí kóòtù sì fetí sí i bó ṣe yẹ. Delgamuukw ni wọ́n ń pe ẹjọ́ náà, oyè olóyè Gitxsan kan ni. Kóòtù ní kí wọ́n tún ìgbẹ́jọ́ ṣe, àmọ́ wọn ò tíì tún un ṣe.

Mo máa ń kọ́ ẹjọ́ yìí kí n tó kọ́ ewì kankan. Mo máa ń bi àwọn ọmọ pé: bí ẹ bá jẹ́ ìyá àgbà yẹn, ṣé ẹ máa kọ orin náà síbẹ̀? Wákàtí kan kì í tó fún àríyànjiyàn rẹ̀.

Ọmọ mi kọ ìtàn kan lọ́nà tirẹ̀, olùkọ́ ní kò gbọ́dọ̀ lò ó. Kí ló dé?

Ó jọ pé ìtàn onílé ló mú. Ohun tó máa ń ṣòro jù lọ nínú ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn, ó sì ju gírámà lọ. Láàárín ọ̀pọ̀ ìran ní etíkun BC, ìtàn ní ẹni tó ni ín bí ilẹ̀ ṣe ní ẹni tó ni ín. Ìdílé kan ló ni ín, ẹni tí wọ́n bá yọ̀ǹda fún ló lè sọ ọ́, nígbà mìíràn ó ní ìgbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìgbà òtútù nìkan ni wọ́n ń pa á. Ẹni tí wọ́n bá ti kìlọ̀ fún lọ́mọdé pé a kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án kò ní rí ìyẹn bí àjèjì.

Ibi tí wọ́n ti ń fi ìtàn àti orúkọ hàn fún aráyé ni àpèjẹ ńlá tí wọ́n ń pè ní potlatch. Wọ́n á pe ìlú jọ, wọ́n á sọ ìtàn ìdílé, wọ́n á fi ènìyàn jẹ oyè, wọ́n á fún àwọn àlejò lẹ́bùn, àwọn àlejò á sì di ẹlẹ́rìí. Ìjọba Kánádà fòfin dè é láti 1885 títí di 1951. Ẹ rò ó wò: ọdún 66 tí ṣíṣe ayẹyẹ tí ìtàn yín ń gbé inú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Lásìkò yẹn kan náà ni àwọn àjèjì ń kó ìtàn wọn sínú ìwé, tí wọ́n ń kó àwọn ère wọn lọ sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí olùkọ́ bá wá ní kí ọmọ yín má fọwọ́ kan ìtàn onílé, ẹ má bínú.

Ọ̀ràn náà kì í fìgbà gbogbo ṣe tààrà. E. Pauline Johnson, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Mohawk tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ òyìnbó, kọ ìtàn tí olóyè Squamish kan, Joe Capilano, àti ìyàwó rẹ̀ Mary sọ fún un. Ìwé náà jáde ní Vancouver ní 1911, ọdún méjì kí obìnrin náà tó kú. Ọmọ ìbílẹ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe ọmọ Squamish. Àwọn tó ni ín ló fi lé e lọ́wọ́. Ta ló wá ni ìtàn inú ìwé náà? Mo ti gba àròkọ tó dára gan-an lórí ìbéèrè yìí, mo sì ti gba àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ kọ. Mo máa ń mọ̀ wọ́n, torí èyí tí ẹ̀rọ kọ kì í bínú sí ẹnikẹ́ni.

Kí ni wọ́n máa ń kọ nígbà náà, bí wọn ò bá gbọ́dọ̀ mú ìtàn onílé?

Tiwọn. Ìtàn ìgbésí ayé ara wọn, ewì nípa ibi tí wọ́n ń gbé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ níwájú àwùjọ, àròkọ onílàákàyè lórí ìwé tí wọ́n kà, lẹ́tà sí aṣòfin. Ìlànà kan wà tí àwọn àgbà ọmọ ìbílẹ̀ BC fi lélẹ̀ fún ẹ̀kọ́, mẹ́sàn-án ni. Ọ̀kan sọ pé ẹ̀kọ́ ń gba sùúrù àti àkókò. Òmíràn sọ pé kí ọmọ wádìí ẹni tí òun jẹ́. Òmíràn sì sọ pé ìmọ̀ kan wà tó jẹ́ mímọ́, tí a kì í sọ láìgbàṣẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ẹ̀ẹ̀mẹrin la máa ń tún iṣẹ́ kan ṣe kí n tó fún un ní máàkì. Ní Grade 10 sí 12, máàkì náà ṣì ń jáde ní ìdá ọgọ́rùn-ún bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n.

Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kọ orúkọ ènìyàn àti ti ìlú bó ṣe yẹ. Ọ̀kan nínú èdè àwọn ọmọ ìbílẹ̀ níbi tí Vancouver wà ń jẹ́ hən̓q̓əmin̓əm̓, gbogbo àmì orí rẹ̀ ló sì níṣẹ́. Ọmọ kan ní ó ti le jù, ó yọ gbogbo rẹ̀ dànù. Mo kọ orúkọ tirẹ̀ sójú pátákó láìsí àmì, mo pè é ní ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó padà lọ fi àmì sí i.

Mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ilé ìwé ọlọ́jọ́ gbọọrọ yẹn burú. Ṣé kò ní ju ọmọ ọdún 16 lọ?

Ó burú. Àwọn ọmọ tó tó 150,000 ni wọ́n kó kúrò lọ́dọ̀ òbí wọn lọ sí ilé ìwé tí ìjọba ń sanwó rẹ̀, tí ìjọ Kristẹni ń darí. Wọ́n gé irun wọn, wọ́n sọ wọ́n lórúkọ míràn, wọ́n nà wọ́n torí èdè ìyá wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú síbẹ̀. Ọ̀rúndún kan kọjá kí wọ́n tó ti èyí tó gbẹ̀yìn pa láàárín ọdún 1990 sí 2000. Ìjọba tọrọ àforíjì ní 2008. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹ̀rí àwọn tó yè kásẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀ ní 2015, ó sì fi ìmọ̀ràn 94 sílẹ̀. Kíkọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé nípa rẹ̀ wà nínú wọn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ ń rí lónìí ti ṣẹ̀ wá.

Olùkọ́ tó mọṣẹ́ máa ń sọ ohun tó wà nínú ìwé kí wọ́n tó ṣí i, ó sì máa ń fún ọmọ láyè láti jáde síta. Ẹ bi í bóyá ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn òbí kan máa ń sọ pé, "Wọ́n nà wá náà nílé ìwé torí a sọ Yorùbá, wọ́n ní fánákúlà ni." Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ èmi náà. Àmọ́ aago méjì ọ̀sán mo ti wà nílé, ìyá mi ń fi Yorùbá bú mi pé aṣọ mi dọ̀tí. Kò sí ẹni tó lọ kó ìyá mi lọ́wọ́ mi. Ẹ má fi wé e níwájú àwọn ènìyàn yìí.

Ṣé wọn ò ní fi ọmọ mi bọ òrìṣà?

Wọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Kíka ìtàn ìwò kò sọ ọmọ di abọ̀wò, bí kíka ìtàn àwọn ọlọ́run Gíríìkì kò ṣe sọ wá di abọ̀rìṣà ará Gíríìkì nígbà tiwa. Ohun tó máa ń fa ọ̀rọ̀ ni èéfín: ní àwọn ìran kan, wọ́n máa ń dáná sí ewé gbígbẹ, wọ́n á fi èéfín rẹ̀ wẹ ara àti ibi tí wọ́n jókòó sí. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ìyá kan tó jẹ́ Kristẹni ní Port Alberni, ìlú kan ní BC, gbé ilé ìwé lọ sí kóòtù lórí rẹ̀. Ní 2020 adájọ́ ní kíkọ́ nípa àṣà kan àti wíwo bí wọ́n ṣe ń ṣe é kì í ṣe fífipá mú ọmọ ṣe ẹ̀sìn. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀ síbẹ̀, ẹ lọ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ ní jẹ́jẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Mi ò mọ olùkọ́ tó máa fi dandan lé e pé kí ọmọ dúró sínú èéfín.

Àwa tó wà ní Ontario ńkọ́?

Grade 11 ni tiyín wà, NBE lorúkọ rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. NBE3U wà ní ipò Gẹ̀ẹ́sì Grade 11 tí ọmọ fi ń bọ́ sí ENG4U, Gẹ̀ẹ́sì Grade 12. Ní 2023, ìgbìmọ̀ ilé ìwé ìjọba ti Toronto dìbò pé òun ni gbogbo ọmọ Grade 11 wọn máa ṣe. Ìyókù ohun tí mo wí bá yín mu.

Ọmọ mi ò mọ àlọ́ kan, kò mọ oríkì. Ṣé kò ní tijú nígbà tí wọ́n bá bi í pé ta ni òun?

Ó lè tijú díẹ̀. Ọmọ tèmi tijú. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí kálukú mú ọ̀rọ̀ kan wá láti ìdílé rẹ̀, tí wọ́n á kà ní kíláàsì, tí wọ́n á sì kọ ojú ìwé méjì lé e lórí. Ó wá bá mi ní kí n fún òun ní oríkì ilé wa. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ìlà mẹ́fà lọ, mo sì mọ̀ pé mo ti da ìlà kẹrin rú. Mo pe ìyá mi ní Ìṣẹ́yìn, mo gbé fóònù fún un.

Ó ṣàlàyé ohun tó ń wá pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń kọsẹ̀. Ìyá mi dákẹ́ títí tí mo rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti lọ. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Àjàní, ta lo fẹ́ kà á fún?"

Ọmọ náà yíjú wò mí. Ó ti gbọ́ ìbéèrè yẹn rí, ní kíláàsì. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí dárúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fún ìyá àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ti olùkọ́ rẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti wá. Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kì í sì í ṣe gbogbo oríkì náà ló kì.